Ẹrù Gbígbé Kì í Ṣe Eré Ìdárayá

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ẹnu Ọ̀wá dé Ìdúmọ̀tà, yálà ẹ gba Jánkárà tàbí ẹ yà sí Òkè Àrìn, ìbàdí àwọn ènìyàn ni gbogbo òwò tó ń lọ níbẹ̀ dúró lé. Alábàárù gbé àpò ìrẹsì oníkílò 50 karí, ó ń pariwo "àgò o, àgò lọ́nà!" kí èrò lè yà fún un. Ẹni tó ń ti ọmọlanke tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ní Balógun, ìyá aláṣọ ti wà lórí àpótí pẹlẹbẹ láti àárọ̀; bí oníbàárà bá dé, á bẹ̀rẹ̀, á fa ìdì àǹkárá yọ láti ìsàlẹ̀, á tún jókòó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ohùn wọn á ṣọ̀kan: ìdí ń ro mí, ẹ̀yìn ń já mi jẹ. Ìwòsàn tó sún mọ́ wọn kò ju mẹ́rin lọ: alágbo tó ń ta ọ̀pá ẹ̀yìn, kẹ́míìsì tó ń gún abẹ́rẹ́, àbóníkì tí ọmọ ń fi ra ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lálẹ́, àti ìmọ̀ràn pé kí onítọ̀hún lọ sùn kó má ṣe nǹkan kan. Ìkarùn-ún wà, òun sì ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lọ fún ẹ̀yìn tó ti ń dun ènìyàn tipẹ́, àmọ́ wọn kì í sáábà dárúkọ rẹ̀: kí a tún ẹ̀yìn náà kọ́, kí a máa lò ó ní ìwọ̀n, kí a máa fi kún un títí yóò fi lágbára ju iṣẹ́ tí à ń fi ṣe lọ.

Ẹ̀yìn dídùn tí à ń wí yìí kì í ṣe àìsàn àwọn òyìnbó tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn lágbàáyé lọ́dún 2020, wọ́n sì rò pé iye náà lè di mílíọ̀nù 843 tó bá fi máa di 2050. Kò sí àìlera mìíràn tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó o. Nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2018, wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn, bíi 57 ni ẹ̀yìn máa ń dùn láàárín ọdún kan. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ń ṣe irú àìsàn yìí, bíi mẹ́sàn-án ni dókítà kò ní bá egungun tó ṣẹ́ lára wọn, kò ní bá kókó, kò ní bá kòkòrò àrùn. Iṣan tó gbé ẹ̀yìn ró, okùn tó so egungun mọ́ra àti oríkèé tó wà láàárín wọn ni ìrora náà ti ń wá, ó sì sábà máa ń ṣòro láti tọ́ka sí ọ̀kan ṣoṣo pé ìwọ ni. Mẹ́sàn-án yìí ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. Ẹni kẹwàá, a óò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Wọn á ní ohun dídùn ló pọ̀ jù lẹ́nu onítọ̀hún, kó lọ mu àgbo. A kò gbọdọ̀ fi ojú ẹ̀gàn wo ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti mu ún rí, ara rẹ̀ sì yá. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé bí kò bá mu ún ńkọ́? Lọ́dún 2014, ìwádìí kan jáde láti Sydney lórí àwọn ènìyàn 1,652 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn. Àwọn kan lo parasítámọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, àwọn kan lò ó nígbà tí ó bá dùn wọ́n, àwọn tó kù sì gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, láìmọ̀. Àwọn tó lo oògùn gidi gbádùn láàárín nǹkan bí ọjọ́ 17. Àwọn tó gba òfìfo gbádùn láàárín ọjọ́ 16. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ń bọ̀ wá san fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun yòówù tí a bá sì lò lọ́sẹ̀ méjì yẹn ni yóò gba ọpẹ́. Àgbo gba ọpẹ́ tirẹ̀, abẹ́rẹ́ náà gbà. Èyí ì bá máà burú bí owó nìkan ló bá bá a lọ. Àmọ́ àgbo tí wọ́n fi ọtí pò ń sọ èèyàn di onímukúmu. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń gbé mì bí ẹ̀pà lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ alábàárù ń lò kí wọ́n lè gbé ẹrù sí i kò wo ẹ̀yìn rárá, ńṣe ló ń pa ẹnu rẹ̀ mọ́ kó má lè kìlọ̀ fún olówó rẹ̀.

Ìsinmi ńkọ́? Òun ni ìmọ̀ràn tó dà bíi pé kò lè pani lára, àwọn dókítà fúnra wọn sì ti fi gba aláìsàn níyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1995, àwọn olùwádìí ní Helsinki, olú-ìlú Finland, pín àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láàmú sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní kí àwọn kan sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì, wọ́n kọ́ àwọn kan ní eré ìdárayá fún ẹ̀yìn, wọ́n sì ní kí àwọn tó kù máa bá ìgbòkègbodò wọn lọ níwọ̀n bí ara wọn bá ṣe gbà. Àwọn ìkẹta yìí ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Àwọn tó sùn ni ó pẹ́ jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó ṣe eré ìdárayá kọ́ ló gbégbá orókè. N kò fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, torí ó fi ìgbà tí oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ hàn wá. Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ̀yìn bá gan, kí ènìyàn ṣáà máa rìn, kó máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn tó. Eré ìdárayá gan-an jẹ́ ti ẹ̀yìn tó ti ń dùn ju oṣù mẹ́ta lọ, àti ti ẹ̀yìn tó ń san tó sì ń padà wá.

Ìpadàwá yẹn gan-an ni ìṣòro ibi tí à ń wí yìí. Bi ẹnikẹ́ni ní ọjà bóyá ẹ̀yìn ti dùn ún rí, kò ní sọ pé lẹ́ẹ̀kan. Julie Hides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brisbane, ní Ọsirélíà, tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí rẹ̀ lọ́dún 1996. Iṣan kan wà tó fara mọ́ egungun ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, òun ló ń di oríkèé kọ̀ọ̀kan mú kó má yẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó lára àwọn ènìyàn 39 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé ó ti joro lápá ibi tó ń dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìrora lọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n iṣan náà kò padà sípò lára àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá. Nígbà tí wọ́n padà bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún kan, 84 nínú 100 àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀yìn ti tún dùn. Lára àwọn tó kọ́ iṣan náà, 30 nínú 100 ni. Ènìyàn 39 kéré, a kò lè fi í búra. Síbẹ̀ ó bá ohun tí à ń rí ní ojoojúmọ́ mu: ìrora lọ, alábàárù padà sábẹ́ àpò pẹ̀lú ẹ̀yìn tí agbára rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, kò sì mọ̀.

Ẹ̀rí tó tóbi wà lẹ́yìn èyí. Ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń gbé ìwádìí àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ wò, kó ìwádìí 249 jọ lọ́dún 2021, àwọn tó kópa nínú wọn ju 24,000 lọ, ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ti ń dùn tipẹ́. Bí a bá wọn ìrora láti òdo dé 100, àwọn tó ṣe eré ìdárayá fi bíi 15 sàn ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tó bá ṣèlérí pé ìrora yóò pòórá pátápátá ń parọ́. Àmọ́ ẹni tí ìrora rẹ̀ wà ní 50 tó wá wálẹ̀ sí 35 lè sun oorun, ó lè gun àtẹ̀gùn pílásà láì dúró mí kanlẹ̀. Nílé wa níbí, Chidozie Mbada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2014 lórí aláìsàn 84 ní Nàìjíríà, tí 67 nínú wọn ṣe é dópin. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni ọ̀nà Robin McKenzie, ará New Zealand tó ṣàkíyèsí lọ́dún 1956 pé aláìsàn kan tó ṣèèṣì dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí orí rẹ̀ ga dìde pẹ̀lú ara yíyá. Wọ́n pín wọn sí ìpín mẹ́ta, wọ́n wá fi eré tó ń mú kí iṣan ẹ̀yìn lè fara dà á pẹ́ kún un fún àwọn kan. Ìgbé ayé gbogbo ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára sí i. Ní 2024, ìwádìí láti Ọsirélíà tún fi hàn pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti san, tó wá ń rìn dáadáa títí tó fi lè máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ẹ̀yìn tó tún dùn ún, nígbà tí ti ẹni tí kò rìn jẹ́ 112. Ènìyàn 701 ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn.

Níbí ni ará Ìsàlẹ̀ Èkó yóò ti dá mi lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì wúwo. Yóò ní: ẹni tó ti ń sáré láti Èbúté Èrò dé Ìdúmọ̀tà pẹ̀lú ẹrù lórí láti aago mẹ́fà àárọ̀, eré ìdárayá wo ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Bí lílo ara bá ń wo ẹ̀yìn sàn, alábàárù ni ì bá ní ẹ̀yìn tó le jù ní Èkó. Ẹni tó bá gbójú fo ìbéèrè yìí kò yẹ kó máa kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ agbára àti eré ìdárayá jọ ń mú òógùn jáde, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni olówó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sìn. Nínú eré ìdárayá, èmi ni mo ń pinnu bó ṣe máa wúwo tó, ìgbà tí mo máa dúró, àti ìgbà tí mo máa sinmi kí iṣan lè tún ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́nu iṣẹ́, oníbàárà ló ń pinnu. Iye ẹrù tí alábàárù gbé ni owó rẹ̀, nítorí náà kò lè dúró nígbà tí iṣan bá ti rẹ̀. Ìgbà tó sì ti rẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn máa ń yẹ̀. Ẹrù tó wà lórí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, kì í jẹ́ kó rọ̀ sẹ́yìn. Ìdúró kan ṣoṣo, gan-n-gan, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣan tó ń di ìdúró yẹn mú rẹ̀ dé òpin, àwọn iṣan yòókù kò sì rí nǹkan ṣe. Andreas Holtermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark ti ń kọ̀wé lórí àdììtú yìí fún ọdún mélòó kan: ìgbòkègbodò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn ń ṣe ara lóore, ti ibi iṣẹ́ tó gùn tó sì wúwo kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Orí àìsàn ọkàn ni ẹ̀rí wọn ti pọ̀ jù, àmọ́ ìdí tí wọ́n sọ kan ẹ̀yìn náà.

Ká ní agbára ẹ̀yìn ọkùnrin kan lè gbé kílò 60 kó tó tán. Àpò ìrẹsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán, gbogbo ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ ń lọ ní bèbè òpin. Bí eré ìdárayá bá sọ agbára náà di 80, àpò kan náà ni yóò ṣì máa gbé, ṣùgbọ́n àyè wà báyìí fún àṣìgbé, fún ẹsẹ̀ tó yọ̀ lórí ẹrẹ̀, fún ọjọ́ tí oorun kò tó. Ohun tí mo ń bèèrè fún alábàárù ni àyè yẹn. N kò sì sọ pé kí eré ìdárayá wá gbọ̀n ẹ̀bi kúrò lórí àwọn tó ń di ẹrù. Àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi kílò 23 ṣe òpin ohun tí ènìyàn yẹ kó gbé níbi tí ohun gbogbo bá ti rọrùn: ẹrù tó sún mọ́ ara, ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ̀nà tí kò há. Àpò tí à ń gbé kọjá ní kọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń di ìrẹsì àti ṣúgà ní oníkílò 25, ẹ̀yìn púpọ̀ ni yóò sàn láì tíì ṣe eré kankan. Ká jà fún méjèèjì.

Ti ìyá aláṣọ yàtọ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan fún wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò wá gbé ìdì aṣọ lójijì nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gan. Ìrìn ló kọ́kọ́ nílò, àti dídìde lórí àpótí ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí kò tiẹ̀ sí oníbàárà. Àwọn kan á ní ìrun tí à ń kí ti tó. Lóòótọ́, rúkúù àti ìforíkanlẹ̀ nínú rakáà 17 lójúmọ́ ń tẹ ẹ̀yìn àti ìbàdí, kì í jẹ́ kí oríkèé wọn gan pátápátá, ìbùkún sì ni fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni a fi ń sìn, ìwọ̀n rẹ̀ kì í pọ̀ sí i láti oṣù kan dé èkejì, iṣan kì í sì í lágbára kọjá ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ó ṣì nílò ìfikún.

Báwo wá ni à ń ṣe é? Lórí ẹní, nínú yàrá, kò gbà ju ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè sùn sí. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gbé àyà sókè, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀ kí àyà lè ga sí i, ṣùgbọ́n kí ìbàdí má kúrò nílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ìrora tó ti ń sọ̀kalẹ̀ sí itan bá ń fà sẹ́yìn padà sí ìbàdí, àmì rere ni, kódà bí ìbàdí bá dùn díẹ̀ sí i. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ èyí dúró, ẹ lọ rí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Èkejì: ẹ kọjú sókè, ẹ tẹ orúnkún méjèèjì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè títí tí ara yóò fi gún láti èjìká dé orúnkún, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta: ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún dúró nílẹ̀, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn papọ̀, kí ẹ̀yìn má mì, ẹ pààrọ̀ wọn. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú 15. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ẹ fi méjì kún ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kì í ṣe ogún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ràn irú eré mìíràn, kó ṣe é, torí a kò tíì rí ẹ̀rí pé ọ̀kan fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Èyí tí ènìyàn á lè ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láì fi sílẹ̀ ló dára jù.

Àtakò kan tún wà tó máa ń pa ẹnu ènìyàn mọ́: "Wọ́n yà mí ní ẹ́síréè, wọ́n ní egungun mi ti jẹ." Ẹni tó bá gbọ́ èyí kò ní fẹ́ mira mọ́, ẹ̀rù á máa bà á pé ẹ̀yìn òun yóò já. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ gbé àwòrán ẹ̀yìn àwọn ènìyàn 3,110 tí nǹkan kan kò dùn yẹ̀ wò. Lára àwọn ọmọ ogún ọdún, 37 nínú 100 ni nǹkan tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Lára àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, 96 ni. Kò dun ẹnì kankan nínú wọn. Irun funfun inú ara ni ọ̀pọ̀ ohun tí fọ́tò ń fi hàn. Èyí kò ní ká má ya fọ́tò nígbà tó bá yẹ. Ó ní ká má fi fọ́tò nìkan sọ alààyè di arọ. Ní ti bẹ́líìtì tí àwọn kan ń dì mọ́ ìbàdí látàárọ̀ dalẹ́, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 kò fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn tó ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí oògùn irú tramadol. Eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó fọwọ́ sí.

Ẹni kẹwàá tí mo ní a óò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí, kò sì gbọdọ̀ fi eré ìdárayá jáfara. Bí ìtọ̀ bá ṣàdédé há tàbí tó ń jò láìmọ̀, bí abẹ́ àti ibi tí à ń fi jókòó bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Bí ibà bá ń bá a rìn, bí ènìyàn bá ń rù láìnídìí, bó bá ń dùn jù lóru nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, bí onítọ̀hún bá ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí tó bá ṣubú láti ibi gíga, kó rí dókítà kó tó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ egungun ẹ̀yìn nílẹ̀ wa. Jẹjẹrẹ próstéètì ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún náà máa ń sá síbẹ̀. Alágbo tó bá rí irú àwọn àmì wọ̀nyí tó ṣì ń ta ọ̀pá ẹ̀yìn fún ẹni náà ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Ìgbóbí, tí à ń gbé ẹni tó ṣẹ́ egungun lọ, bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ṣe kí wọ́n lè tún lo ara wọn. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí láti 1966. Ẹni tó wà ní Ẹnu Ọ̀wá lè rin lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dán ní Marina láti bèèrè. Ohun tó ṣòro ni pé alábàárù kò lè fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọjọ́ tí kò gbẹ́rù, kò jẹun. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà wá bá a ní ọjà. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti ń pe ìpàdé, wọ́n ní ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà tí ọ̀rọ̀ wọn ń múlẹ̀. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó tí ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí, lè kọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní eré mẹ́ta yẹn, kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo rò pé owó rẹ̀ kò ní tó èyí tí ọjà kan ń ná sórí abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ kan.

Ohun tó sábà máa ń mú kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ fi í sílẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹ̀yìn á tún dùn. Wọn á ní àbí wọ́n tilẹ̀ ti dá kún un ni. Iṣan tí a kò lò tipẹ́ gbọ́dọ̀ ro ènìyàn díẹ̀ nígbà tí a bá tún bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí oko. Bí ìrora náà bá rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwọ̀n yẹn tọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ dín iye ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kù sí márùn-ún, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó tún máa fi kún un.